Ẹ̀bùn Tó Sunkún Nílé Agùfọn

Nígbà láéláé, nígbà tí òkè ṣì ń bá òkè jiyàn lórí ta ló ga jù, tí ẹja sì máa ń yọrí lómi láti kí ẹyẹ kú ìrọ̀lẹ́, ojú Ọ̀bọ ilẹ̀ Jàpáànù funfun bí iyán tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gún. Kì í ṣe funfun lásán o. Ó funfun, ó ń dán, ó sì ń pa ẹni tó ni ín bí ọtí. Bí òṣùpá bá yọ, Ọ̀bọ á jáde síta, á gbé ojú sókè, á ní kí àwọn aládùúgbò wá sọ èyí tó jẹ́ òṣùpá nínú àwọn méjèèjì.

"Ìwọ ni," ni wọ́n máa ń wí.

Kì í ṣe pé wọ́n gbà bẹ́ẹ̀. Oorun ló ń kùn wọ́n.

Àfonífojì kan ni wọ́n ń gbé, láàárín àwọn òkè tí yìnyín máa ń bò bí ẹni da ìyẹ̀fun lé wọn lórí. Ẹranko àti ẹyẹ ló wà níbẹ̀, ìwà ọmọlúàbí wọn sì pọ̀ débi tó fi ń rẹ àlejò. Ọ̀rọ̀ ẹ̀bùn ló wá burú jù.

Níbòmíràn, bí o bá fẹ́ ta ènìyàn lọ́rẹ, wàá gbé e fún un, á ní o ṣé, ọ̀rọ̀ bùṣe. Lọ́dọ̀ tiwọn, rárá o. Ẹ̀bùn kì í rìn níhòòhò. Aṣọ onígun mẹ́rin kan wà tí wọ́n ń pè ní furoṣíkì, òun ni wọ́n fi ń dì í, wọ́n á sì fi okùn dè é lórí. Ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé e kalẹ̀, wọ́n á sì tẹrí ba. Ẹni tí wọ́n gbé e fún kò gbọdọ̀ tètè gbà á. Ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pariwo pé, "Ó tì o! Kí lẹ ń ṣèyọnu sí?" Ẹni tó mú un wá á ní, "Nǹkan tí kò tó nǹkan ni." Báyìí ni wọn á máa tì í lọ, tì í bọ̀, bí ẹni ń ti ọmọ tó ń sunkún síra wọn. Bí o bá yára gbà á, wọ́n á ní ebi ló ń pa ọ́. Bí o bá kọ̀ ọ́ jálẹ̀, ìjà ìdílé dé nìyẹn.

Bí o bá sì gbà á tán, o kò gbọdọ̀ tú u lójú ẹni tó mú un wá. Wàá gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹni pé kò kàn ọ́, wàá máa sọ̀rọ̀ òjò àti ẹ̀ẹ̀rùn, ojú rẹ á sì máa yọ́ lọ síbẹ̀ bí ojú ológbò tí wọ́n ní kó ṣọ́ ẹja.

Ṣùgbọ́n okùn orí rẹ̀ gan-an ni iṣẹ́. Okùn ń sọ̀rọ̀ nílùú yìí. Kókó kan wà tí wọ́n ń pè ní kókó labalábá. Ó ní apá méjì, ó wu ojú, bí o bá fà á pẹ́nrẹ́n á tú, o sì lè tún un ta nígbàkúùgbà. Ohun tí ìyẹn ń sọ ni pé, "Àṣèyí ṣàmọ́dún o!" Bí wọ́n bá bímọ, kókó labalábá. Bí ìrẹsì bá so dáadáa lóko, kókó labalábá.

Kókó kejì ni kókó agídí. Ìyẹn ò lápá, ò lẹ́sẹ̀. Bí o bá ti ta á, àfi kí o gé e. Ohun tó ń sọ ni pé, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni, a ò ní tún un ṣe mọ́." Òun ni wọ́n fi ń kí aláìsàn. Òun náà ni wọ́n fi ń kí ìyàwó tuntun. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: ta ni yóò dé ibùsùn aláìsàn tí yóò sọ pé àṣèyí ṣàmọ́dún?

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé Koyuki, ọmọ Bàbá Agùfọn, fẹ́ relé ọkọ. Bàbá Agùfọn yìí ni olórí àfonífojì, ẹyẹ ọlọ́rùn gígùn tó jẹ́ pé bó bá gbé oúnjẹ mì lówùúrọ̀, ọ̀sán ló tó ń dé inú. Láti àbàtà àríwá ni ọkọ ìyàwó ti wá, agùfọn bíi tiwọn. Ọ̀bọ ló sì ṣe alárinà.

Ọ̀bọ ṣiṣẹ́ ọ̀hún, ká má parọ́. Ó lọ sí àríwá, ó sọ fún ìyá ọkọ pé Koyuki kì í jẹun púpọ̀. Ó padà wálé, ó sọ fún ìyá ìyàwó pé ìyá ọkọ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Irọ́ ni méjèèjì, ṣùgbọ́n irọ́ ni gọ̀ǹgọ̀ tí wọ́n fi ń fa ìgbéyàwó súnmọ́ra.

Bàbá Agùfọn sì ti ṣèlérí. Bí ìgbéyàwó yìí bá lọ geere, òun yóò fi Ọ̀bọ jẹ oyè Baba Alárinà lójú gbogbo ayé. Oyè tó ṣe pàtàkì ni! Ẹni tó bá jẹ ẹ́, òun ni yóò máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ níbi gbogbo ìgbéyàwó, òun náà ni yóò sì máa kọ́kọ́ bu àkàrà ìrẹsì. Láti ìgbà tí Ọ̀bọ ti gbọ́ ni kò ti sùn dáadáa mọ́. Ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń jókòó bí olóyè.

Ẹnì kan tún wà tó ń wá oyè yìí. Ẹtà ni, oníkùn bí ìkòkò, ẹni tí kò sí ibi tí wọ́n ti ń jẹun tí kò ní ìbátan.

"Ọ̀bọ," ni Ẹtà máa ń wí bí wọ́n bá pàdé, "a ń wò ọ́ o."

"Wíwò náà ló yẹ ọ́," ni Ọ̀bọ máa ń dá a lóhùn. "Ojú tó lẹ́wà, wíwò ni wọ́n ń wò ó."

Nígbà tí ọjọ́ ìgbéyàwó pé, ìyàwó Ọ̀bọ, Ìyá Sábù, kó èso kákì jọ. Èso kákì pọ́n bí oòrùn àṣálẹ́, ó sì dùn bí oyin. Ìyá Sábù ti so wọ́n rọ̀ sábẹ́ òrùlé láti ìgbà ìwọ́wé títí wọ́n fi gbẹ, tí adùn wọn wá yọ síta bí ìyẹ̀fun. Ó tò wọ́n sínú furoṣíkì tó dára, ó fi okùn funfun òun pupa dè é, ó sì ta kókó agídí lé e. Ó fi ẹsẹ̀ tẹ ìdí ẹ̀bùn náà mọ́lẹ̀ kó tó fa okùn rẹ̀, ó fà á títí eyín rẹ̀ fi hàn.

"Bàbá Sábù," ó ní, "ẹ̀bùn yín nìyí. Ẹ má tú u."

"Kí ni màá tú u fún?"

"Mo mọ ẹni tí mò ń bá sọ̀rọ̀ ni."

Ọ̀bọ yẹ ìdì náà wò, ó yọ ṣùtì ètè. "Kókó yìí ṣe burẹ́wà báyìí? Ó dà bí ọrùn adìyẹ tí wọ́n lọ́ lọ́jọ́ ọdún."

"Kókó ìgbéyàwó ni. Kò bá ẹnikẹ́ni du ẹwà. Ẹ kàn gbé e débẹ̀."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ máa lọ ṣáájú. Kí n wẹ Sábù, ó ti tún lọ yí nínú ẹrẹ̀. Bíi tẹ̀yin ló rí: ẹni tó bá mú ojú kúrò lára rẹ̀, òun ló fa wàhálà."

Ọ̀bọ gbé ẹ̀bùn, ó forí lé ọ̀nà. Yìnyín ti bo gbogbo ilẹ̀. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ẹ̀yìn rẹ̀, ó dára. Ó débi kọ̀rọ̀ kan, afẹ́fẹ́ yí, ó wá ń fẹ́ láti iwájú, ó gba orí ẹ̀bùn kọjá, ó wọ imú Ọ̀bọ lọ. Imú ló kọ́kọ́ dẹ́ṣẹ̀. Ẹnu kàn tẹ̀ lé e ni.

"Ká tiẹ̀ rò ó dáadáa," ni Ọ̀bọ ń bá ara rẹ̀ sọ. "Bí kákì yìí bá lọ korò ńkọ́? Ta ni wọ́n á bú? Alárinà ni. Ojúṣe mi ni kí n tọ́ ọ wò."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú okùn. Kókó agídí ní òun ò tú. Ó fi èékánná wú u, ó kọ̀. Ó bẹ̀ ẹ́, ó kọ̀. Ó wá ki eyín bọ̀ ọ́, kẹ́! Okùn já.

Kákì àkọ́kọ́ dùn. Ó mú ìkejì, kí ó lè jẹ́rìí sí ti àkọ́kọ́. Ìkejì náà ní òótọ́ ni. Ó wá mú òmíràn, nítorí ẹ̀rí ẹni méjì kò tó nínú ọ̀rọ̀ tó kan oyè. Kí ó tó mọ̀, àwọn ẹlẹ́rìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nílé ẹjọ́. Mélòó kan péré ló ṣẹ́kù, ọ̀kan nínú wọn sì ti gba eyín lára.

Furoṣíkì wá rọ̀ jọ̀gọ̀dọ̀ bí ikùn ẹni tó gbààwẹ̀. Ọ̀bọ wò ó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, yìnyín nìkan ló rí. Yìnyín? Ó bu yìnyín, ó mọ ọ́n ní róbótó-róbótó bíi kákì, ó tò ó sínú aṣọ, ó da àwọn kákì tó ṣẹ́kù lé e lórí. Ìdì náà wú padà, ó tún tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Ta ni yóò tú u lójú mi?" ó ní, ó sì rẹ́rìn-ín. "Àṣà ìlú wa ò gbà á. Kí wọ́n tó tú u, mo ti joyè, mo ti lọ sílé, yìnyín ti di omi, omi ti gbẹ. Wọ́n á ní eku ló jẹ ẹ́. Àṣà ìlú wa dára púpọ̀!"

Ó ku okùn. Ọ̀bọ kò mọ kókó agídí ta. Kókó labalábá tí wọ́n ta nígbà tí wọ́n bí Sábù nìkan ló mọ̀. Ó ta á, ó na apá rẹ̀ méjèèjì jáde dáadáa, ó fà sẹ́yìn kí ó wò ó. Ó rẹwà! Pé okùn ń sọ̀rọ̀, ó mọ̀ ọ́n bí gbogbo ayé ṣe mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá yó kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ràn.

Nígbà tí ó dé ilé Bàbá Agùfọn, gbogbo ayé ti pé. Àwọn agùfọn dúró lẹ́sẹ̀ kan, wọ́n funfun báláú. Iná ẹ̀yinná ńlá ń jó nínú ààrò láàárín ilé, ooru sì mú bí ìgbà tí ènìyàn wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Ìyá ọkọ jókòó lókè. Ó ń sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí ó ti dé, kò tíì mí. Ẹtà jókòó síbi tí ó súnmọ́ oúnjẹ jù.

Ọ̀bọ wọlé, ó kúnlẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹ̀bùn síwájú, ó tẹrí ba.

"Bàbá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi gba nǹkan tí kò tó nǹkan yìí."

Bàbá Agùfọn na ọrùn rẹ̀ tán pátápátá. "Háà! Ó tì o! Ẹ̀yin tí ẹ ti lọ títí dé àríwá nítorí wa, ẹ tún wá ń ṣèyọnu!"

Ìṣòro kan wà tí Ọ̀bọ ti gbàgbé. Kò sí ẹni tó mọ ẹ̀bùn kọ̀ bíi Bàbá Agùfọn. Ó fẹ́ràn kíkọ̀ ju ẹ̀bùn lọ. Nígbà kan rí, wọ́n gbé ẹja wá fún un, ó kọ̀ ọ́ tọmọlúàbí-tọmọlúàbí títí ẹja fi jẹrà.

Omi tútù kan rọra yọ́ láàárín ìka Ọ̀bọ.

"Bàbá, ẹ gbà á o. Ẹ dákun."

"Rárá o, ojú ń tì mí. Kí ni mo ṣe fún yín rí?"

"Ohun gbogbo lẹ ṣe! Ẹ gbà á."

"Ẹ gbé e padà fún àwọn ọmọ nílé."

"Àwọn ọmọ ní kí ẹ gbà á! Àwọn ọmọ ló rán mi! Bàbá, báyìí-báyìí!"

Àwọn àlejò wo ara wọn. Ta ló ń lé Ọ̀bọ bọ̀?

"Ọ̀bọ," ni Ẹtà wí láti ẹ̀gbẹ́ oúnjẹ, "ọwọ́ rẹ ń làágùn."

"Ayọ̀ ni. Bí inú mi bá dùn, ọwọ́ ni mo fi ń làágùn."

Nígbẹ̀yìn-gbẹ́yín, Bàbá Agùfọn kẹ́dùn bí ẹni tí wọ́n fipá mú, ó fi ìyẹ́ méjèèjì gba ẹ̀bùn náà. Nítorí pé ọwọ́ alárinà ló ti wá, ó gbé e sí ibi tó lọ́lá jù lọ nínú ilé: ẹ̀gbẹ́ ààrò gan-an.

"Ẹ má gbé e síbẹ̀!" ni Ọ̀bọ ké.

"Kí ló dé?"

"Ó... ó fẹ́ràn òtútù."

"Ẹ̀bùn ló fẹ́ràn òtútù?"

"Bí wọ́n ṣe tọ́ ọ dàgbà nìyẹn."

Ibẹ̀ ni ìyá ọkọ ti dákẹ́. Ìgbà àkọ́kọ́ láti òwúrọ̀. Ó ń wo okùn orí ẹ̀bùn.

"Ẹ gbà mí," ó ní. "Kí ni okùn yẹn ń sọ?"

Ẹtà nìkan ló fẹ́ dá a lóhùn. Ó nu ẹnu, ó gbé ikùn rẹ̀ dìde, ó sì kà á síta kedere: "Àṣèyí ṣàmọ́dún ni, Màmá."

"Àmọ́dún?" Ìyá ọkọ dìde. "Kí ọmọ mi tún gbé ìyàwó lámọ́dún? Gbé ta ni?"

"Ẹ béèrè dáadáa!" ni ìyá ìyàwó náà wí, ó fò dìde. "Ọmọ tèmi ni wọ́n fẹ́ lé jáde kó tó rí ibi jókòó sí!"

"Ta ló lé e? Ṣé àwa la ta kókó?"

"Ṣé àwa la mú alárinà wá?"

"Ẹ̀yin kọ́? Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ yín kì í jẹun púpọ̀, tí mo rí i pẹ̀lú ojú ara mi tó gbé ẹja méje mì kí wọ́n tó kí mi káàbọ̀!"

"Ẹ̀yin tí wọ́n ní ẹ kì í sọ̀rọ̀!"

Ilé dàrú. Ìyẹ́ ń fò. Ìyá ọkọ ní àwọn ń padà sí àríwá nísinsìnyí, kí ọmọ òun wá. Ọ̀bọ rí i pé ìgbéyàwó ń fò lọ, oyè ń bá a fò lọ. Ó fo sókè, ó pàtẹ́wọ́.

"Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ fara balẹ̀! Ọmọ ni mo ní lọ́kàn! Àṣèyí ṣàmọ́dún: lọ́dún yìí, ìyàwó, lámọ́dún, ọmọ, lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ọmọ! Ẹyin lẹ́yìn ẹyin!"

Ìyá ọkọ rò ó. Ìyá ìyàwó rò ó. Àwọn agùfọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí. Ẹyin lẹ́yìn ẹyin kúkú dára. Ìyá ọkọ rọra ń jókòó padà, Bàbá Agùfọn ti ń tún ọ̀fun ṣe láti kéde oyè, Ọ̀bọ náà ti ń gbé ojú funfun rẹ̀ sókè bí olóyè.

Tó.

Tó... tó.

"Ẹ gbọ́," ni Ẹtà wí. "Kí ló ń dún?"

Tó, tó, tó, tó.

Omi ń kán láti ìdí furoṣíkì, ó ń ṣàn lórí ẹní, ó sì ń yọ́ lọ síbi ẹsẹ̀ ìyá ọkọ.

"Yéè!" ni Ẹtà pariwo. "Ẹ̀bùn ń sunkún!"

Ẹ̀bùn ń sunkún níbi ìgbéyàwó! Ta ló gbọ́ irú rẹ̀ rí? Ẹnì kan dákú. Ẹlòmíràn náà dákú nítorí kò fẹ́ kí ó dà bíi pé òun ò mọ̀wà hù. Gbogbo ẹnu ló ń pariwo pé kí wọ́n tú u, kí wọ́n wo ohun tó ń dùn ún.

"A ò lè tú u," ni Bàbá Agùfọn wí, òógùn ń bọ́ lórí rẹ̀. "Ẹni tó mú un wá wà níbí. Ìwà àìmọ̀wàáhù ni."

"Kí la ó ṣe báyìí?"

Bàbá Agùfọn ronú. Ó wá yíjú sí Ọ̀bọ, ó tẹrí ba fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. "Ọ̀bọ, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bínú. Ṣé ẹ lè bá wa kọjú sí ògiri fúngbà díẹ̀?"

Ọ̀bọ kọjú sí ògiri, ó kẹ̀yìn sí gbogbo ìlú.

Ó gbọ́ nígbà tí wọ́n fa okùn. Ó gbọ́ nígbà tí aṣọ tútù là, páṣà. Gbogbo ilé ń wo kákì mélòó kan tó ń wẹ̀ nínú omi yìnyín, ọ̀kan pẹ̀lú eyín Ọ̀bọ lára rẹ̀ kedere. Wọ́n wo kákì tán, wọ́n wo Ọ̀bọ. Ojú rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ kí wọ́n wò ó. Ìdí rẹ̀ ló kọ sí wọn. Ìdí rẹ̀ ni wọ́n bá ń wò.

Ìtìjú gun Ọ̀bọ. Ó kọ́kọ́ wọ inú ojú funfun yẹn, ó kún un títí dé etí. Ojú kò gbà á tán. Ìyókù bá ń sọ̀kalẹ̀ gba ẹ̀yìn lọ, ó ń wá ibi tí yóò fìdí kalẹ̀ sí, ó sì rí ibi tí gbogbo ìlú ń wò.

"Ẹ ṣé o, Ọ̀bọ," ni Bàbá Agùfọn wí nígbẹ̀yìn, ó tẹrí ba fún ìdí rẹ̀. "Ẹ̀bùn yín... ó tutù dáadáa."

Nígbà náà ni Ìyá Sábù wọlé pẹ̀lú Sábù lẹ́yìn. Ó wo aṣọ rẹ̀ tó rin gbingbin. Ó wo okùn rẹ̀ tó já. Ó wo ọkọ rẹ̀ níbi ògiri. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Gbogbo ènìyàn rò pé ẹkún ló ń bọ̀.

Ìyá ọkọ ní, "Ọmọ mi, dìde. Ó tó."

"Ìyá, ẹ dúró díẹ̀ ná."

Koyuki ló sọ̀rọ̀. Ìyàwó kì í sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ ìgbéyàwó lọ́dọ̀ wọn, nítorí náà ẹnu ya gbogbo ènìyàn débi pé wọ́n dúró. Ó ṣa okùn tó rin náà nílẹ̀. "Okùn tó bá rọrùn láti tú, ó rọrùn láti tún ta. Ẹnu la ó fi ta èyí, kì í ṣe ọwọ́." Ó fi ẹnu mú orí kan, ó na orí kejì sí ọkọ rẹ̀. Ọkọ ìyàwó kì í ṣe ọlọ́gbọ́n púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ìgbà tó yẹ kí òun la ẹnu. Ó gbé e hán. Àwọn méjèèjì yí okùn po, wọ́n gbé ọrùn gígùn sẹ́yìn, wọ́n fà á. Gìì! Kókó agídí dúró, kò lápá, kò lẹ́sẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè tú u mọ́.

Ìyá ọkọ wò ó yí ká. Ó fi àgógó rẹ̀ ṣá a, kò mì.

"Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo," ó ní, ó sì jókòó. "Ẹja dà?"

Ni ariwo ayọ̀ bá sọ. Títí dòní, agùfọn ilẹ̀ yẹn kì í kọ ara wọn sílẹ̀.

Ọ̀bọ gbọ́ ariwo, ó rò pé wọ́n ti dárí ji òun. Ó yí ojú padà, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

Gbogbo ẹnu là sílẹ̀.

"Ọ̀bọ," ni Ẹtà wí jẹ́jẹ́, "kákì tí o jẹ ti gun ojú."

Ọ̀bọ bẹ̀rẹ̀ sínú abọ́ omi kan, ó wo ara rẹ̀. Ojú pọ́n! Ó pọ́n ju kákì lọ, ó pọ́n bí ẹ̀yinná ààrò. Ó pariwo, ó yí padà kí ó sá, gbogbo ilé tún pariwo, nítorí ẹ̀yìn náà ti pọ́n. Kò wo ọ̀nà. Ó la yìnyín kọjá, ó rí adágún kan tí omi gbígbóná ń sun jáde nínú àpáta, tí èéfín bò ó mọ́lẹ̀. Ó bẹ́ sínú rẹ̀, ó rì títí dé àgbọ̀n.

Ẹtà ni wọ́n fi oyè náà jẹ. Ó bu àkàrà ìrẹsì àkọ́kọ́, ó gbàgbé láti dúró, ìkejì kò sì kan ẹnikẹ́ni mọ́.

Nígbà tí àwọn àlejò túká, Ìyá Sábù wá sí etí adágún.

"Bàbá Sábù, ẹ jáde."

"Mò ń wẹ̀."

"Nínú yìnyín?"

"Ìdọ̀tí ló lẹ̀ mọ́ mi lójú. Ó fẹ́ ṣí. Wò ó bóyá ó ti ṣí."

Ó yọ ojú jáde nínú èéfín. Ìyá Sábù wò ó. Ó fún ètè pọ̀. Imú rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ó ti ń ṣí," ó ní.

"Òótọ́?"

"Ẹ̀bùn yín... ó tutù dáadáa," ni Ìyá Sábù wí, ó gbé ohùn Bàbá Agùfọn, ó tẹrí ba fún adágún. Ẹ̀rín tí ó ti ń fi ọwọ́ bò láti ilé ìgbéyàwó wá ya jáde. Ó rẹ́rìn-ín títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi yẹ̀, ó ṣubú sínú omi tòun ti Sábù. Ó ń rẹ́rìn-ín nínú omi. Ó rẹ́rìn-ín títí ojú tirẹ̀ náà fi pọ́n rẹ́súrẹ́sú, Sábù tó ń wo ìyá rẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, òun náà pọ́n.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?" ni Ọ̀bọ bínú wí.

"Àṣèyí ṣàmọ́dún o, Bàbá Sábù!"

Láti ọjọ́ náà ni ojú ọ̀bọ ti pọ́n ní ilẹ̀ Jàpáànù, tí ìdí rẹ̀ náà sì pọ́n, tó sì jẹ́ pé bí yìnyín bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́, tọkọtaya, tọmọtọmọ, inú omi gbígbóná ni wọ́n máa ń jókòó sí. Àwọn tó wá wò wọ́n á ní ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbádùn. Kí ẹ tó gbà wọ́n gbọ́, ẹ wo ojú wọn dáadáa. Àwọn kan pọ́n nítorí ìtìjú, àwọn kan pọ́n nítorí ẹ̀rín. Ẹni tó bá dijú nínú wọn, tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ẹ fi í sílẹ̀, ó ṣì ń dúró kí ìdọ̀tí ojú rẹ̀ ṣí.